Bí A Ṣe Ń Yan Lambrusco àti Oúnjẹ Tó Bá A Mu

Lambrusco ni wáìnì pupa tó ń hó tí wọ́n ń ṣe ní agbègbè Emilia, ní àríwá Ítálì, pàápàá jù lọ ní àyíká Modena àti Reggio Emilia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí pé èyí tó dùn ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu ní àwọn ọdún 1970 àti 1980. Àmọ́ èyí tí kò dùn, tó kan díẹ̀, tó sì tutù ni àwọn ará Modena fi ń jẹun, nítorí pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn, ìkan àti ìhó ọtí náà sì ni ó ń fọ ọ̀rá yẹn kúrò lórí ahọ́n.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó sọ bí ọtí náà ṣe dùn sí ni kí o kọ́kọ́ wá lára ìgò. Secco ni èyí tí kò dùn, semisecco ní adùn díẹ̀, amabile dùn dáadáa, dolce sì ni adùn rẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé ṣúgà inú rẹ̀ kì í dín ní gíráàmù 45 nínú lítà kan, èyí tó tó nǹkan bí síbí kékeré mọ́kànlá. Secco ni kí o rà bí o bá fẹ́ fi jẹun.

Lẹ́yìn èyí, wo orúkọ àjàrà, nítorí pé Lambrusco kì í ṣe àjàrà kan ṣoṣo, ẹbí àjàrà ni. Sorbara ni èmi fẹ́ràn jù. Àwọ̀ rẹ̀ kò pọ́n púpọ̀, ó dà bí omi sóbò tí a fi omi là, òórùn rẹ̀ jọ ti sitirọ́bẹ́rì, ó sì kan ju àwọn yòókù lọ. Òdòdó àjàrà yìí kò lè dá sọ ara rẹ̀ di èso, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gbin Salamino, àjàrà Lambrusco mìíràn, sáàárín rẹ̀ kí ó lè bá a so. Grasparossa, tí wọ́n ń gbìn ní àwọn òkè Castelvetro, dúdú ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ìfófó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó sì máa ń gbẹ ènìyàn lẹ́nu díẹ̀ bí ìgbà tí a jẹ èso kajú. Salamino wà láàárín àwọn méjèèjì.

Má ṣe tọ́jú Lambrusco pamọ́ fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ọtí tuntun ni adùn rẹ̀ ń yọ. Fi í sínú fíríìjì fún wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ Grasparossa, gbé e síta ní ìṣẹ́jú ogún kí o tó ṣí i. Nígbà tí o bá fẹ́ ṣí i, fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀, kí o sì máa yí ìgò, kì í ṣe ìdérí, títí tí yóò fi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo fi ìwàǹwára ṣí ọ̀kan tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ rí, ìdajì rẹ̀ sì dà sórí aṣọ tábìlì funfun. Àbàwọ́n náà kò lọ títí di òní. Bí o bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, kò bàjẹ́: inú ìgò gan-an ni wọ́n ti jẹ́ kí ó hó lẹ́ẹ̀kejì. Gbé e nàró fún ọjọ́ kan, kí o sì rọra dà á.

Ní ti oúnjẹ, gé itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ti Parma pẹlẹbẹ, tàbí mortadella ti Bologna, sọ́séèjì ńlá tí wọ́n fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ ṣe, kí o gbé e lé gnocco fritto, ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú ọ̀rá títí tí ó fi wú tí inú rẹ̀ sì ṣófo, kí o wá mu Sorbara tútù lé e. Òun náà ni ó yẹ tortellini, pásítà kéékèèké tí wọ́n ki ẹran sínú rẹ̀, inú omi ẹran. Grasparossa ni kí o pa mọ́ fún oúnjẹ tó wúwo: lasagne, pásítà pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran, tàbí zampone, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki ẹran lílọ̀ sínú rẹ̀, tí àwọn ará Modena ń fi ẹ̀wà lẹ́ńtìlì jẹ ní àkókò Ọdún Tuntun. Wàràkàṣì Parmigiano Reggiano tó ti gbó bá gbogbo wọn mu. Ẹni tí kò lè jẹun láìsí ata lè yan amabile, nítorí pé adùn rẹ̀ máa ń pẹ̀tù sí títa ata.

Ní Mantova, tó wà ní òdìkejì odò Po, àwọn àgbà máa ń da Lambrusco sínú omi ẹran gbígbóná, wọn a sì mu ún bẹ́ẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìkan ọtí náà ń gé ọ̀rá orí omi ẹran náà gan-an ni. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò kì í hó mọ́ tó bá di ọjọ́ kejì. Fi í se ìrẹsì risotto dípò kí o dà á nù, kí o sì rin Parmigiano lé e kí o tó sọ̀ ọ́.