Bí mo ṣe ṣa ẹrù ilé mi kí n tó kó lọ sílé tuntun

Ilé tí mo gbà nítòsí Ọjà Àtàkúmọ̀sà, níbí ní Iléṣà, yàrá kan àti pálọ̀ ni. Yàrá mẹ́ta ni mo ti ń kó bọ̀. Mo da gbogbo ẹrù sílẹ̀ lójú kan, torí èyí tó bá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ká èèyàn lára.

Ike òde ìnáwó ló pọ̀ jù: abọ́, ife, trẹ́è, àwòrán olóògbé lára òmíràn. Ìyẹn ò gba àròjinlẹ̀. Mo yọ ìwọ̀nba tá à ń lò, mo kó ìyókù fún obìnrin tó ń ta ẹ̀wà ládùúgbò.

Ìdí kẹ́ẹ̀gì àti dúróòmù ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fà á.

"Màmá Tọ́lá, kí lo fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Ṣebí kànga wà níbi tí ò ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, òjò ló ń rọ̀ báyìí o. Ẹ jẹ́ ká dé oṣù kejì ná."

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ẹrẹ̀ ni korobá máa ń fà bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń wá lọ́jọ́ kan náà, kò sẹ́ni tó máa yá ọ. Kòṣeémánìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá àti àga oníke, ọjọ́ ìnáwó oníkálùkù yàtọ̀, èèyàn lè háyà wọn. Mo tà wọ́n.

Aṣọ ẹbí dùn mí díẹ̀, owó ńlá ló lọ sí i. Mo fi àwọn tí n kò wọ̀ mọ́ rán aṣọ fáwọn ọmọ.

Ó wá ku aṣọ òkè ẹtù ìyá mi àgbà. Aró ti mu ún débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ìlà funfun inú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú abẹ́rẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti rán àwọn ọ̀já pọ̀ ti ń là. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìgbà Ìwúdè, ọdún àwa Ìjẹ̀ṣà, nìkan ni mò ń ró o. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìwúdè, kálukú ló ń ró tilé rẹ̀. Ọwọ́ ta ni mo fẹ́ ti yá a?

Mo gbé e lọ fún télọ̀ kó fọwọ́ rán ibi tó là. Ó ní kí n yéé ká a síbì kan náà, kí n máa yí ojú ìká rẹ̀ padà, kó má baà gé.