Bí Ẹ Ṣe Lè Tọpasẹ̀ Orúkọ Àgùdà Bíi Fernandez: Ibi Tó Ti Wá Àti Ibi Tó Tàn Dé

Tó bá jẹ́ pé Fernandez, Martins, Gomez, Rodrigues tàbí Gonçalves lorúkọ bàbá yín, tẹ́ ẹ sì jẹ́ ọmọ bíbí Èkó, ó dájú pé wọ́n á ti bi yín léèrè rí pé ṣé ẹ lẹ́bí lóyìnbó ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ò mọ ohun tí wọ́n máa fi dáhùn, wọ́n á kàn sọ pé "bàbá ńlá wa ti Bràsíl bọ̀ ni", ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Àwọn tó ti oko ẹrú ní Bràsíl àti Kúbà padà wálé yẹn, àtàwọn ọmọ wọn, là ń pè ní Àgùdà. Ẹ jẹ́ ká wo bẹ́ ẹ ṣe lè lọ kọjá ibẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà nínú ilé yín, bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, àti ibi tí àwọn míì tó ń jẹ́ ẹ wà. Fernandez ni màá máa fi ṣàpẹẹrẹ torí pé lókè òkun ó pọ̀ bíi yanrìn, àmọ́ nílẹ̀ wa ńbí ó ṣọ̀wọ́n, bó ṣe ṣọ̀wọ́n yẹn gan-an ló sì máa bá yín ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú orúkọ tó jẹ́. Láyé àtijọ́, orúkọ bàbá ni àwọn Potogí máa ń fi sẹ́yìn orúkọ ọmọ, wọ́n á wá fi -es tàbí -ez parí ẹ̀: ọmọ Fernando ni Fernandes, ọmọ Rodrigo ni Rodrigues, ọmọ Lopo ni Lopes, ọmọ Nuno ni Nunes, ọmọ António ni Antunes, ọmọ Martim ni Martins. Ọba àkọ́kọ́ tó jẹ ní Pọ́túgà, Afonso Henriques, Henrique lorúkọ bàbá ẹ̀, kò sóhun míì níbẹ̀. Nígbà yẹn, bí ìran bá ti yí ni orúkọ náà ń yí, àmọ́ nígbà tó fi máa di nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ó ti dúró sójú kan, ọmọ Pedro náà á máa jẹ́ Fernandes torí pé Fernandes ni wọ́n ń jẹ́ nílé wọn. Da Silva, da Costa, Pereira àti dos Santos ò sí nínú irú èyí o, orúkọ ibi, orúkọ igi àti orúkọ ẹ̀sìn nìyẹn, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé yàtọ̀, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba ọgbọ́n rèé. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé Bahia ní Bràsíl, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ fún wọn sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, bíi "João, nagô", wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Nagô yẹn ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ìgbà téèyàn bá gba òmìnira ni orúkọ kejì sábà máa ń yọjú, ó sì lè jẹ́ orúkọ ọ̀gá tó ni ín tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ ti padrinho ẹ̀, ìyẹn ẹni tó dúró fún un nígbà ìrìbọmi, tàbí kó kàn mú orúkọ ẹni mímọ́ kan. Torí náà Fernandez tiyín lè má ní ẹ̀jẹ̀ Fernando kankan nínú, ó sì ṣeé ṣe kí ọmọ ìyá méjì tó gba òmìnira máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èèyàn lẹ máa tọ̀, orúkọ kàn ń tì yín lẹ́yìn ni. Ẹni tí ò bá gba èyí mọ́ra máa fi owó ṣòfò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta "àmì ìdílé Fernandez", èyí tó ní kìnnìún àti idà lára, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ti ilé yín jàre.

Kẹ́ ẹ lè rí i pé òótọ́ ni, ẹ wo Goa ní Íńdíà. Àwọn Potogí gba ibẹ̀ ní 1510, wọ́n ń ri àwọn ará ibẹ̀ bọmi, wọ́n ń fún wọn lórúkọ, òní rèé, Fernandes àti Rodrigues kún Goa bí Àjàyí àti Òjó ṣe kún ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ ẹ bá wọ ìkànnì tó ń ya máàpù orúkọ bíi Forebears, tẹ́ ẹ tẹ Fernandes sí i, Bràsíl, Pọ́túgà àti Íńdíà lẹ máa rí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Máàpù yẹn ò purọ́, ó kàn jẹ́ pé ìbéèrè tiyín kọ́ ló ń dáhùn. Apá ibi tí orúkọ náà ti ṣọ̀wọ́n ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, ìyẹn Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà, torí níbi tí orúkọ bá ti ṣọ̀wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ èèyàn díẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi padà wálé ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀.

Ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá yín, àwọn ìyá àgbà, àti ẹnikẹ́ni tó bá ṣì mọ oríkì ilé, kẹ́ ẹ gbé nǹkan lọ́wọ́ lọ, kẹ́ ẹ má sì fi ìbéèrè bò wọ́n bí ọlọ́pàá. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni orúkọ Yorùbá tí bàbá ńlá náà ń jẹ́ (ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní méjèèjì, ẹ wo João Esan da Rocha, Àgùdà Èkó kan, Esan ni ti Yorùbá), ìlú tí wọ́n ti mú un lẹ́rú, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, torí bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ pọ̀ nínú àwọn Àgùdà, àdúgbò tó kọ́lé sí, àti ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ẹ̀sìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an ni. Gbogbo èèyàn rò pé Kátólíìkì ni gbogbo Àgùdà, irọ́ ni, àwọn Mùsùlùmí wà láàárín wọn dáadáa, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Tí ilé yín bá jẹ́ Mùsùlùmí láti ìgbà yẹn, ẹ lè wá inú ìwé ìrìbọmi Èkó títí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan, ìwé ilẹ̀ àti àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ni kẹ́ ẹ lọ bá.

Ẹ bi wọ́n pé ṣé ẹnì kankan yí orúkọ padà nínú ẹbí, torí nígbà tí ọ̀rọ̀ ká padà sí orúkọ ilẹ̀ wa gbòde l'Ékòó, àwọn kan ju ti Potogí nù pátápátá. Adéyẹmọ Alákijà, agbẹjọ́rò Èkó yẹn, Placido Assumpção ló ń jẹ́ kó tó di 1913. Ó lè jẹ́ pé àwọn mọ̀lẹ́bí tẹ́ ẹ ń wá ń jẹ́ orúkọ Yorùbá báyìí, tí wọ́n wà ní òpópónà kejì sí yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kọ orúkọ náà. Àwọn kan máa sọ fún yín pé tó bá ti parí sí z, Kúbà ló ti wá, torí pé àwọn Spain ló ń kọ -ez. Òótọ́ ni pé àwọn kan ti Kúbà padà wá sí Èkó, àmọ́ z yẹn ò fi nǹkan kan hàn, torí kó tó di 1911 tí Pọ́túgà ṣàtúnṣe sí àkọtọ́ wọn, bó bá ṣe wu akọ̀wé ló ń kọ ọ́, àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn fádà Faransé náà sì ń kọ ohun tí etí wọn gbọ́. Ẹ wo Domingos José Martins, oníṣòwò ẹrú ará Bràsíl tó gbé létíkun lápá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) títí tó fi kú ní 1864, Domingo Martinez ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́. Souza náà di Sowzer nínú ilé kan l'Ékòó, wọ́n sì gbé Sowzer yẹn padà lọ sí Bahia, ibẹ̀ ni babaláwo Felisberto Sowzer ti gbajúmọ̀. Nínú ìwé àtijọ́ ti Bràsíl, wọ́n tún máa ń gé orúkọ kúrú: Frz ni Fernandes, Roiz ni Rodrigues, Glz ni Gonçalves, Alz ni Álvares, Miz ni Martins. Ẹni tí ò bá mọ èyí á ka ojú ewé tí bàbá ńlá ẹ̀ wà, á sì ṣí i kọjá.

Tó bá di ti ìwé l'Ékòó, ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ti ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, pàápàá ti Holy Cross. Ẹ kọ lẹ́tà síwájú, kẹ́ ẹ sọ orúkọ àti ọdún tẹ́ ẹ rò, torí kò sẹ́ni tó máa kó rẹ́jísítà àtijọ́ fún yín pé kẹ́ ẹ máa tú u. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé 1868 ni àwọn fádà tó máa jókòó ti iṣẹ́ tó dé Èkó, kó tó dìgbà yẹn, ará São Tomé kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe fádà rárá, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Tí ẹni yín bá ti dé ṣáájú, ẹ wá ìwé ilẹ̀. Ọba Dòsùnmú fún àwọn èèyàn níwèé ilẹ̀ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó ní 1861, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń fúnni lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ Àgùdà wà nínú méjèèjì. Ìwé ìpíngún ní kóòtù tún dáa jùyẹn lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń to orúkọ ọmọ, ìyàwó àti ilé tẹ̀ lé ara wọn. Àkójọ ìwé ìjọba Nàìjíríà wà ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì, ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Magodo, lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó ìgbà yẹn sì wà ní Kew ní London, CO 147 ni nọ́mbà tí wọ́n tò ó sí.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé òkúta sàréè jù. Wọ́n ti wó itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ láwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ orúkọ sì bá a lọ. Ilé náà ń lọ bẹ́ẹ̀: Casa do Fernandez, tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar, ní Tinúbú, tí ẹbí Fernandez kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o palẹ̀ ní September 2016. Fọ́tò ẹ̀ ṣì wà o, àmọ́ ilé tó ń fi hàn pé àwọn kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti rí jẹ l'Ékòó ṣáájú kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbàjọba, ó ti lọ. Nítorí ẹ̀, tí ilé àtijọ́ kan bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí yín, ẹ ya fọ́tò ohunkóhun tó bá wà lára ògiri àti ilẹ̀kùn ẹ̀ lónìí.

Ẹ má dúró s'Ékòó nìkan. Ọkọ̀ tó ń ti Bahia bọ̀ lè já èèyàn sí Ouidah, Agoué tàbí Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí Èkó, àwọn míì sì dé Àkrà, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní Tabom, tẹ̀gbọ́n tàbúrò á wá pín sí ìlú méjì mẹ́ta. Ouidah ní fádà láti 1861, ìwé tibẹ̀ sì fi ọdún díẹ̀ ju ti Èkó lọ. Faransé ni ìwé ìjọba òde Àjàṣẹ́, àmọ́ Yorùbá máa mú yín wọ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀.

Bràsíl wá ni iṣẹ́ ńlá. Wọ́n á sọ fún yín pé Rui Barbosa, mínísítà ètò ìnáwó Bràsíl nígbà yẹn, ní kí wọ́n dáná sun gbogbo ìwé ẹrú. Ó pa àṣẹ kan lóòótọ́ ní December 1890, ìwé owó orí àti ti ìjọba lórí ẹrú ló sì bá a lọ, àmọ́ kò kan ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn nótárì. Lẹ́tà òmìnira, tí wọ́n ń pè ní carta de alforria, wà ní àkójọ ìwé Ìpínlẹ̀ Bahia ní Salvador, àkọsílẹ̀ pásípọ́ọ̀tù náà wà níbẹ̀. Ìdí tí pásípọ́ọ̀tù fi pọ̀ ni pé lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Salvador ní January 1835, ìjọba há àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira mọ́, ọ̀pọ̀ bá ń kẹ́rù wọn. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa wá lójú ìwé ni "africano liberto" (ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira), "preto forro" (adúláwọ̀ tó ti gba òmìnira), "nagô", àti "Costa d'África" (etíkun Áfíríkà). Ìwé ìrìbọmi Salvador, Yunifásítì Kátólíìkì ibẹ̀ ló ń tọ́jú wọn, ọ̀pọ̀ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia sì wà lórí ìkànnì FamilySearch lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn máa ṣí àkáǹtì ni. Orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ ọ̀gá ni kẹ́ ẹ fi wá a, torí tẹ́ ẹ bá tẹ Fernandes nìkan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló máa tú jáde.

Ní ti DNA, èyí tí wọ́n ń ṣe láti ọ̀dọ̀ bàbá sí ọmọkùnrin, tí àwọn ará Britain fi ń tọ orúkọ ìdílé wọn, kò wúlò fún orúkọ téèyàn gbà lọ́wọ́ ọ̀gá, mi ò ní kẹ́ ẹ náwó sí i. Èyí tó ń wá ìbátan lápá bàbá àti ìyá ló lè gbé ẹnì kan ní Salvador wá bá yín, orúkọ onítọ̀hún sì lè má jọ tiyín rárá. Rodolpho Manoel Martins de Andrade, tí Bahia mọ̀ sí Bamboxê Obitikô, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ni Felisberto Sowzer tá a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìbátan wọn tó wà l'Ékòó sì ń jẹ́ Bámgbóṣé Martins.

Bẹ́ ẹ bá ti kó èyí jọ, ẹ ya máàpù tiyín fúnra yín: àmì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ rí, pẹ̀lú ìlú, ọdún, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ẹ̀ gẹ́lẹ́, àti ìwé tẹ́ ẹ ti rí i. Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu àgbà ṣùgbọ́n tí kò tíì níwèé, ẹ fi àwọ̀ míì kọ ọ́, kẹ́ ẹ má pa á rẹ́.