Síkírìnì ń ṣẹ́jú lórí Linux pẹ̀lú NVIDIA? Ẹ yẹ àwọn nǹkan yìí wò kẹ́ ẹ tó dá káàdì lẹ́bi

Tẹ́ ẹ bá ń lo Wayland (ètò tó ń gbé àwòrán àwọn áàpù sí síkírìnì lórí Linux) lórí kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán NVIDIA, tí lẹ́tà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ bá ń yọjú, á sá padà, á tún yọjú, tàbí tí géèmù ń fi fréèmù tó ti kọjá hàn yín láàárín àwọn tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì lọ ra káàdì míì o. Ó ń dùn mí bí àwọn èèyàn ṣe ń náwó sórí ohun tí update lè yanjú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. GPU, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán nínú káàdì, ló ń ya àwòrán sínú buffer (àyè tí wọ́n ń kó àwòrán sí nínú mẹ́mórì), apá míì nínú káàdì, ìyẹn display controller, ló ń ka buffer náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ tó sì ń gbé e lọ sí síkírìnì. Síkírìnì 60Hz ń ṣe é nígbà 60 láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn bíi milisẹ́kọ́ńdì 16.7 fún fréèmù kan, 144Hz ò sì ní tó 7. Tí wọ́n bá pààrọ̀ buffer nígbà tó ń kà á lọ́wọ́, apá òkè á jẹ́ ti àtijọ́, apá ìsàlẹ̀ á jẹ́ tuntun, àwòrán á ya sí méjì, VSync (tó ń dúró kí síkírìnì ka fréèmù tán kó tó pààrọ̀ buffer) ló wà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n tiwa yìí yàtọ̀, torí àsìkò tí wọ́n pààrọ̀ buffer lè dáa gan-an kó jẹ́ pé GPU ò tíì yà á tán, áàpù kàn ti fún un níṣẹ́ ni, ó ti wá ní kí wọ́n gbé e síta. Ẹ ti bu ọbẹ̀ tí ò tíì jinná sáwo nìyẹn.

Fence ló ń dènà ẹ̀, àmì tó ń sọ pé iṣẹ́ GPU lórí buffer yìí ti parí. Dráífà Intel àti AMD inú kernel (ọkàn Linux) máa ń so ó mọ́ buffer fúnra wọn láìsí pé áàpù sọ nǹkan kan, implicit sync nìyẹn. Dráífà NVIDIA tí kì í ṣe open source ò gba ọ̀nà yẹn, ìdí nìyí tí àwọn áàpù tó ń gba inú Xwayland (tó ń jẹ́ kí áàpù tí wọ́n ṣe fún X11, ètò àtijọ́, ṣiṣẹ́ lórí Wayland) kọjá fi ń jìyà jù. Ọ̀nà àbáyọ ni explicit sync: áàpù á fúnra ẹ̀ mú àmì méjì wá, ọ̀kan ń sọ pé ẹ má fọwọ́ kan buffer yìí títí màá fi yà á tán, èkejì sì ni compositor (ètò tó ń to gbogbo fèrèsé pọ̀ sójú síkírìnì) á fi sọ pé òun ti lò ó tán, ẹ lè ya òmíràn síbẹ̀. Android ti ń lo irú ẹ̀ tipẹ́, kernel Linux 4.10 ti gba fence bẹ́ẹ̀ níbi display láti 2017, àmọ́ 2024 ni Wayland tó gba linux-drm-syncobj-v1 wọlé, ìyẹn ìlànà tí áàpù àti compositor fi ń ṣe explicit sync.

Ó wá kù sí pé kí dráífà, Xwayland àti compositor jọ gbọ́ èdè kan náà, ẹyọ kan tó bá ti gbó ló máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣí terminal:

echo $XDG_SESSION_TYPE

Tó bá sọ x11, ọ̀rọ̀ yín kọ́ nìyí. Tó bá jẹ́ pé àwòrán ń ya sí méjì ni, ẹ lọ sínú nvidia-settings kẹ́ ẹ tan Force Full Composition Pipeline. Tó bá sọ wayland:

nvidia-smi
Xwayland -version
sudo cat /sys/module/nvidia_drm/parameters/modeset

Dráífà gbọ́dọ̀ jẹ́ 555 sókè, Xwayland 24.1 sókè, modeset (tó ń jẹ́ kí kernel darí síkírìnì nípasẹ̀ dráífà NVIDIA) sì gbọ́dọ̀ jẹ́ Y. Tó bá jẹ́ N, ẹ ṣí /etc/default/grub, ẹ fi nvidia-drm.modeset=1 kún GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT, lórí Ubuntu ẹ ṣe sudo update-grub, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tó bá jẹ́ KDE ni desktop yín, Plasma 6.1 sókè, tó bá jẹ́ GNOME, 46.1 sókè. Èyí tí mo fọkàn tán jù nínú gbogbo ẹ̀ nìyí (inú wayland-utils ló wà):

wayland-info | grep syncobj

Tẹ́ ẹ bá rí wp_linux_drm_syncobj_manager_v1, compositor yín ti ṣe tán. Tí kò bá sọ nǹkan kan, tí dráífà àti modeset yín sì ti pé, compositor ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe update fún.

Tí Xwayland tó wà lórí distro yín (irú Linux tẹ́ ẹ ń lò) bá ti gbó tí ẹ ò sì lè pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, ẹ yẹra fún un: àwọn áàpù Electron (tí wọ́n fi ohun èlò wẹ́ẹ̀bù ṣe) tó jẹ́ tuntun máa gbà tẹ́ ẹ bá fi --ozone-platform=wayland ṣí wọn. Ẹ tẹ xlsclients láti mọ àwọn tó ṣì ń gba inú Xwayland kọjá.

Tí gbogbo èyí bá pé, tó wá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ síkírìnì ló ń lọ sókè sódò, tí àwòrán fúnra ẹ̀ ò sì padà sẹ́yìn, kì í ṣe fence mọ́ o. Ẹ lọ pa Adaptive Sync (tó ń yí Hz síkírìnì padà bí fréèmù ṣe ń wá) nínú display settings kẹ́ ẹ tún wò ó, pàápàá tó bá jẹ́ síkírìnì OLED tàbí VA.