Bí A Ṣe Ń Yan Ẹṣin fún Eventing

Eventing jẹ́ ìdíje ẹṣin gígùn, iṣẹ́ mẹ́ta sì ni ẹṣin inú rẹ̀ ń ṣe: dressage (ìrìn ẹ̀yẹ lábẹ́ àṣẹ ẹni tó gùn ún), cross-country (eré inú pápá, níbi tí ẹṣin ti ń fo ìdènà tí a kàn mọ́lẹ̀) àti fífo ọ̀pá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ẹṣin ló máa ń jẹ́ kí ìrìn ẹ̀yẹ inú dressage gba ojú wọn. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹṣin bá kọ ìdènà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú cross-country, máàkì ìjìyà 20 ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá kan tó bá jábọ́ níbi fífo ọ̀pá, 4 péré ni. Ìdènà cross-country kì í sì í jábọ́ bí ọ̀pá. Nítorí náà, ìgboyà àti ọgbọ́n ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Ìpele tí ẹ wà báyìí ni kí ẹ ra ẹṣin fún. Nínú ìdíje àgbáyé, níbi tí wọ́n ti ń fi ìràwọ̀ ka ìpele, ìdènà cross-country onírawọ̀ méjì lè ga tó mítà 1.10, ti onírawọ̀ márùn-ún 1.20, eré wọn sì jẹ́ mítà 520 àti 570 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ wá ẹṣin tó ti dàgbà, tó ti sá eré náà dáadáa. Bí ẹni tí kò mọ̀nà bá gun ẹṣin tí kò mọ̀nà, ta ni yóò ṣamọ̀nà? Ẹ má sì jẹ́ kí gíga tàn yín: Charisma, ẹṣin tí Mark Todd ará New Zealand gùn gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1984 àti 1988 kò ga rárá láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá orúkọ ẹṣin náà nínú àkọsílẹ̀ FEI (àjọ tó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé) tàbí ti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ibi tí àlàfo wà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Bí kò bá díje fún odindi sáà kan, ẹ bèèrè ìdí. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń fà á.

Ẹ ní kí wọ́n má mú un jáde títí ẹ ó fi dé. Bí ẹ bá bá a tó ti làágùn, ẹnì kan ti fi eré rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè yín. Ẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì láti orúnkún wá sísàlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. Iṣan tó wà níbẹ̀ ni eré yìí máa ń bà jẹ́ jù, nítorí náà ibi tó gbóná tàbí tó wú kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ jẹ́ kó sáré wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀ líle, kí okùn rẹ̀ dẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá ń lọ sókè nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá kanlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dùn ún.

Ẹni tó ń tà á ni kó kọ́kọ́ gùn ún. Bó bá kọ̀, èmi náà kì í gùn ún.

Lẹ́yìn náà, omi, kòtò àti ìdènà tóóró. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n mú ẹṣin yòókù kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ṣé yóò wọ omi ní òun nìkan? Ó lè dúró wò ó, ó lè gbọ́ òórùn rẹ̀, ìyẹn kò burú, bó bá ṣáà ti wọ̀ ọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá sọ fún un. Lórí ìdènà kékeré, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjánu sílẹ̀ kí ó wá ibi tí yóò ti fò fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹṣin tó na etí síwájú, tó sì yára kó ẹsẹ̀ jọ nígbà tó bá sún mọ́ ìdènà jù. Irú rẹ̀ ló ń gba ẹni tó gùn ún là lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá ṣìṣe, mo sì lè gbójú fo dressage tí kò wúni lórí nítorí ẹ̀.

Dókítà ẹran tiyín ni kí ẹ mú wá, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Kó yẹ ọkàn, ojú àti oríkèé wò, kó ya X-ray, kó sì gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn eré: ẹṣin ńlá mìíràn máa ń han bó bá ń fa èémí sínú. Ẹ ní kó gba ẹ̀jẹ̀ pamọ́, torí oògùn ìrora lè bo ẹsẹ̀ tó ń tiro mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ kan. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà microchip (ohun kékeré tí wọ́n fi ń dá ẹṣin mọ̀) inú ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti inú páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ mu.