Ẹ má fi ojú nìkan ka Fágúnwà

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ẹni tó kórìíra ìwé ìtàn D. O. Fágúnwà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á dàgbà tán, á ní òun fẹ́ tún un kà, á náwó gidi sí i. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eruku ti bo ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn àgbàlagbà kà á nírọ̀lẹ́ Sátidé, àṣìṣe kan náà ni mò ń rí.

Èkíní, ẹ má ra ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ márààrún lẹ́ẹ̀kan náà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àdììtú Olódùmarè ti 1961 á dúró dè yín.

Èkejì, ẹ yé ra fọ́tòkọ́pì ẹ̀bá títì. Àmì ohùn á ti parẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀kọ̀ ni ọdẹ gbé lọ́wọ́ tàbí ọkọ́.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù: ẹ̀ ń fi ojú nìkan kà á. Ìyá kan sọ fún mi pé gbólóhùn ọkùnrin yìí ti gùn jù, pé àsọtúnsọ rẹ̀ pọ̀. Mo ní kí wọ́n ka ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn inú Ògbójú Ọdẹ, ti pàdé Àgbákò, ẹbọra burúkú inú igbó, sókè ketekete. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà báǹkì. Nígbà tí wọ́n fi máa dé orí fìlà irin, ẹ̀wù idẹ àti ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí rẹ̀ ká, ohùn wọn ti yí padà, wọ́n ti ń mí bí ẹni ń ki oríkì. Ọmọ wọn tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì pa ẹ̀rọ omi, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Àsọtúnsọ tó ń sú ojú yẹn, ibẹ̀ ni ẹnu ti ń sinmi, ibẹ̀ ni etí ti ń bá ìtàn mu.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti kọ́ wa bí a ṣe máa kà á. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀, kí òǹkàwé fi ara rẹ̀ sípò onítọ̀hún, kó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló wà! Ẹ̀ ń ṣí i kọjá, ẹ wá ń ráhùn.

Èmi náà ṣí i kọjá. Àkọ́sórí ni wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé girama: nínú àwọn tó bá Àkàrà-oògùn rìn, ta ni Kàkó, ta ni Ìmọ̀dóye, ta ni Olóhùn-iyọ? Ẹni tó bá gbàgbé ọ̀kan, ẹgba. A ò gbọ́ ohùn ìkankan nínú wọn rí. Ogún ọdún gbáko ni mo fi bínú sí ọkùnrin kan tó ti kú láti 1963. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, mo ń fi àtùpà kà á fún bàbá mi, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gba gbólóhùn kan lẹ́nu mi, wọ́n sì parí rẹ̀ láìwo ìwé.

Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ ní 1968, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ ka ti Yorùbá ná.

Ẹ má sì fo ọ̀rọ̀ Ìrágbèje, ọlọgbọ́n inú ìwé náà, nítorí pé ó jọ ìwàásù. Mo fò ó lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ tó ń sọ níbẹ̀, kí ló kàn mí nígbà náà? Ní Sátidé tó kọjá, a kà á dé ìdajì, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin kan nawọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ká padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. A padà.