Ẹni tó ra ilé ní Texas ra ẹgbẹ́ mọ́ ọn

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé rà ní Houston, Katy tàbí Pearland, kí kíṣìnì àti yàrá tó wọ̀ yín lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹ́jẹ́ńtì yín bóyá ilé náà wà lábẹ́ HOA. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò ni HOA. Bí a bá ti gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti ilé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: àwọn bàbá tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù, tí wọ́n ń dáwó ọlọ́dẹ àti owó tíráńsífọ́mà. Ẹni tí kò bá san níbẹ̀, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ nípàdé, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà kọjá bẹ́ẹ̀. Ti Texas yàtọ̀. Bí gbèsè ẹgbẹ́ bá wà lọ́rùn yín, HOA lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì ta ilé yín, kódà bí ẹ kò bá jẹ báńkì ní kọ́bọ̀.

Ẹ kò sì lè ní ẹ kò ṣe. Àdéhùn tó so ilé mọ́ ẹgbẹ́ ti wà lára ilẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀. Ọjọ́ tí ilé di tiyín lẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́. Houston kò ní òfin zoning, èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n lè kọ́ sí ibi kọ̀ọ̀kan, bíi àwọn ìlú ńlá yòókù ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí àdéhùn orí ilẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀ ni owó. Báńkì máa ń ka owó ẹgbẹ́ mọ́ ìnáwó yín nígbà tí wọ́n bá ń wò ó bóyá agbára yín ká ilé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń bá yín san owó orí ilé àti ìnṣọ́ránsì, wọn kì í sábà bá yín san èyí. Ẹlòmíì á rò pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó tí òun ń san lóṣooṣù, títí owó lọ́yà yóò fi gorí gbèsè.

Oṣù kẹta tí a kó dé ilé wa, lẹ́tà kan wọlé. Fọ́tò ike ìdọ̀tí wa ló wà nínú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géréèjì, níbi tí ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. Mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Èkejì dé, a ní láti tọwọ́ bọ̀wé ká tó gbà á, iye fáìnì sì wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló kà á dé ìsàlẹ̀: a ní ọjọ́ 30 láti ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu wa. A kọ̀wé, a lọ, a fi ibi tí a gbé ike náà sí hàn wọ́n, wọ́n sì wọ́gi lé fáìnì náà. Òfin Texas ló fún onílé ní àǹfààní yẹn. Òfin kan náà ni kò jẹ́ kí wọ́n ta ilé nítorí fáìnì nìkan. Bí owó ẹgbẹ́ bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ tètè ní kí wọ́n pín in fún yín kí ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ilé rẹ̀ bá ju 14 lọ kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ fún ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ tó ra ilé, ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní resale certificate. Wọn kò gbọdọ̀ gbà ju $375 lọ lórí rẹ̀. Ó máa sọ gbèsè tí ẹni tó ń tà á jẹ, ẹjọ́ tó wà lọ́rùn ẹgbẹ́, àti iye owó ìpamọ́ wọn. Ẹ tẹjú mọ́ owó ìpamọ́ yẹn, pàápàá bó bá jẹ́ condo, ìyẹn ilé ńlá tí oníkálukú ti ra fúláàtì tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé alájà 12 tó wó ní Surfside, Florida, lóṣù kẹfà 2021, tó pa èèyàn 98, owó àtúnṣe tí owó ìpamọ́ kò ká, tí wọ́n fẹ́ bù lé àwọn onílé ibẹ̀, tó mílíọ̀nù 15 dọ́là.

Ẹ ka òfin wọn pẹ̀lú ìgbésí ayé tiyín lọ́kàn. Ṣé ẹ ń wa tírélà, ẹ sì fẹ́ máa gbé e wálé? Ṣé ìyá fẹ́ gbin ewédú síwájú ilé? Ṣé ẹ fẹ́ fi yàrá kan háyà? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò gbà á. Ti satẹ́láìtì kò ṣòro: òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n dí yín lọ́wọ́ láti gbé díìṣì tí kò ju mítà kan lọ sórí òrùlé ara yín.

Orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tó ń bójú tó ẹgbẹ́ wà ní hoa.texas.gov. Ẹ kọ ẹni tó ń gbowó, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí àkọ́kọ́ máa pé sínú fóònù yín kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.