Bí A Ṣe Lè Mú Kí Yàrá Onígíláàsì Ẹ̀yìn Ilé Tura Nígbà Ooru ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù, Kent tàbí Manchester ló bá yàrá onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní conservatory lẹ́yìn ilé náà, wọ́n sì ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń gba àlejò, ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, tàbí ibi tí ìyá tó wá kí wọn láti ilé máa ń jókòó sí. Bí oṣù Keje bá dé, yàrá yìí kan náà kì í ṣe é wọ̀ mọ́ láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ooru ìta dé ìwọ̀n 40.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Coningsby ní agbègbè Lincolnshire, bẹ́ẹ̀ ni inú yàrá tí oòrùn ń ta lu gíláàsì rẹ̀ a sì máa gbóná ju ìta lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé iṣẹ́ yìí ní ètò: ẹ kọ́kọ́ dá oòrùn dúró kó tó kọjá gíláàsì, lẹ́yìn náà kí ẹ fún afẹ́fẹ́ gbígbóná ní ọ̀nà àtijáde láti òkè, kí ẹ tó ronú kan ẹ̀rọ rárá. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ fáànù bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ ló ń ná dànù.

Gíláàsì máa ń jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí ìtànṣán náà bá dé ara ilẹ̀ àti àga, wọ́n á gbà á mọ́ra, wọ́n á sì gbóná. Ṣùgbọ́n irú ooru tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń tú jáde kì í lè gba inú gíláàsì padà síta. Lọ́sàn-án tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó lè tó 800 watts, èyí tó túmọ̀ sí pé òrùlé tó tó mítà mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ń gba 8,000, iye tí ẹ̀rọ amúlégbóná oní-2,000 mẹ́rin ń lò. Ó yẹ kí ẹ tún mọ ibi tí yàrá náà kọjú sí. Nílé wa, orí wa gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń wà, òrùlé tó yọ síta sì ń ṣíji bo ògiri. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kódà ní ọ̀sán ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, oòrùn kì í ga ju nǹkan bí ìwọ̀n igun 62 lọ sí ojú ọ̀run (90 ni orí wa gan-an), kì í sì í wọ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá. Nítorí náà, yàrá tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ló máa ń fìyà jẹni jù, torí ara gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé sí i fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tó kọjú sí àríwá ni wàhálà rẹ̀ kéré jù.

Ìbòòji tó wà níta gíláàsì ni mo gbà pé ó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe, nítorí ooru tí kò bá wọlé, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ọ̀nà láti lé e jáde. Àwọn tó kọ́ Palm House, ilé gíláàsì ńlá tí wọ́n ń gbin ọ̀pẹ sí nínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, láàárín ọdún 1844 sí 1848 mọ èyí, gíláàsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n sì fi bò ó kí oòrùn má baà jó àwọn ọ̀pẹ inú rẹ̀. Ẹ lè ṣe ìbòrí aṣọ tó ń fà jáde tó sì ń ká padà. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń tọ́jọ́. Èyí tí kò wọ́n ni àwọ̀n ìbòòji tí àwọn olódòdó ń lò, tí ẹ lè ta bo òrùlé kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa nítorí atẹ́gùn. Ọ̀dà funfun tún wà tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti kùn ún sára ilé gíláàsì ọ̀gbìn, tí wọ́n sì ń fọ̀ kúrò nígbà tí òtútù bá ń bọ̀. Bí òrùlé yín bá jẹ́ oníke, ẹ má kùn ún láìkọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ike ọ̀dà náà. Igi eléwé wíwọ́, irú bí àjàrà, tí ẹ jẹ́ kó fà sórí òpó níta, yóò ṣíji nígbà ooru, yóò sì wọ́wé nígbà òtútù tí ẹ bá nílò ìmọ́lẹ̀.

Bí ti ìta kò bá ṣeé ṣe, ẹ lo aṣọ fèrèsé aláwọ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, kí ó sún mọ́ gíláàsì, kí ẹ sì fà á kí oòrùn tó débẹ̀. Ọ̀rá tín-ín-rín tí a ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe tíńtì mọ́tò, ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí irú gíláàsì kan gbóná láìdọ́gba kó sì sán, nítorí náà ẹ bi ẹni tó mọ gíláàsì náà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ ṣí fèrèsé orí òrùlé àti fèrèsé ìsàlẹ̀ tó wà ní ìhà ibòòji lẹ́ẹ̀kan náà: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, èyí tó tutù díẹ̀ á sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ilẹ̀kùn tó so yàrá yìí pọ̀ mọ́ inú ilé ni kí ẹ tì gbọn-in lọ́sàn-án, torí bí ẹ bá ṣí i, gbogbo ilé ni yóò gbóná. Lóru, tí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ẹ lè ṣí ohun gbogbo tó bá ní ìtìpa tí olè kò lè gbà wọlé.

Fáànù kì í mú afẹ́fẹ́ tutù, ó kàn ń fẹ́ ẹ sí wa lára ni. Bí ooru inú yàrá bá ti tó 35, ẹ pa á, kí ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń gbé káàkiri gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá tó gba fèrèsé jáde, kí ẹ sì dí àlàfo tó yí ọ̀pá náà ká. Ẹ má ṣe tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn sínú yàrá yìí lọ́sàn-án, ẹ má sì jẹ́ kí àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jókòó síbẹ̀ pẹ́, kódà bí ó bá ní ara òun ti mọ́ ooru. Oògùn fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí lára pé kí ooru rẹ̀ má ju 25 lọ.

Àwọn kan á pinnu láti yọ òrùlé gíláàsì kí wọ́n sì fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ó wúwo, férémù àtijọ́ lè má gbà á, iṣẹ́ náà sì wà lábẹ́ òfin ìkọ́lé. Ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé káńsù sọ̀rọ̀ kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí agbẹjọ́rò ẹni tó bá fẹ́ ra ilé náà lọ́jọ́ iwájú yóò béèrè rẹ̀.